Ọlọ́kadà Kan Ṣoṣo Lórí Ìlà Káàtì

Ní àdúrà ọjọ́ kẹjọ ẹ̀gbọ́n mi, àlùfáà sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ó ní Sàkáríyà jẹ́ ọmọlúàbí. Ó ní ó gun ọ̀kadà nígbà kan, ó sì ṣe máígádì lẹ́yìn ìgbà náà. Ó ní kí Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ ẹ. A ṣe àmín. Wọ́n bu oúnjẹ.

Àlùfáà kò purọ́. Ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ tán. Àwọn ará wa tó wá láti Ìsẹ́yìn jókòó síbẹ̀, wọ́n ń mi orí, wọn ò mọ ẹni tí ọmọ wọn jẹ́ ní Abuja ní àárọ̀ Sọ́ńdè. Èmi mọ̀ ọ́n. Saeed ni mí, àbúrò rẹ̀. Wẹ́dà ni mí. Irin tó fi sáré, èmi ni mo jó o.

Ọdún 1999 ló wọ Abuja. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni. Ọjà èso Zuba ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń já ọsàn sílẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù, ó ń sùn lórí àpò tó ṣófo. Kí ọdún tó yípo, ó ti ra ọ̀kadà. Àlòkù ni, àmọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ le koko. Ó gba yàrá kan ní Durumi. Ọdún mẹ́fà ló fi gun ọ̀kadà yẹn, kò gbé èrò ṣubú rí. Mi ò ní kò ṣubú rí o. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, òun nìkan. Ó máa ń sọ pé, "Ara tèmi ni mo fi san án, mi ò fi ti ẹlòmíì san án."

Ruqoyyah ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ìlọrin, èrò ẹ̀yìn rẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Aránṣọ ni. Àràárọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé e láti Durumi lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Oṣù mẹ́ta gbáko, "Ẹ di irin mú" nìkan ni ọ̀rọ̀ tó ń sọ fún un. Ruqoyyah ló bi í ní ọjọ́ kan pé, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ gbọ́ Yorùbá ju báyìí lọ?" Ibẹ̀ ni ìgbéyàwó ti bẹ̀rẹ̀. Nafisah ni wọ́n bí.

Ní 2003 bàbá wa kú. Ẹ̀gbọ́n mi ránṣẹ́ pè mí wá láti ilé. Mo ní mo fẹ́ gun ọ̀kadà bíi tirẹ̀. Ó ní rárá. Ó ní kí ọ̀kan nínú wa wà lórí ilẹ̀. Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kan ní Durumi, ibẹ̀ ni mo wà di òní.

Oṣù kẹwàá ọdún 2006 ni ìjọba lé ọ̀kadà kúrò nínú ìlú. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni. Lánàá wọ́n kún títì, lónìí kò sí ẹyọ kan. Àwọn kan gbé tiwọn lọ sí Orozo, àwọn kan lọ sí Zuba, níbi tí wọn ò ti lé wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ti ní ìyàwó, ó ti ní ọmọ. Ó gba iṣẹ́ máígádì ní ilé kan tó jẹ́ kìkì ọ́fíìsì. Wọ́n fún un ní ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù. Ẹni tó ti ń la Abuja já láti ìhà kan dé ìkejì, ojú géètì kan ṣoṣo ló wá dúró sí.

Ọ̀kadà náà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó fi tapólì bò ó. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á ṣí i, á gbá a, ẹ́ńjìnnì á dún, á dúró tì í fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Á pa á. Á tún bò ó.

Ruqoyyah á ní, "Bàbá Nafisah, ẹ̀ ń jó epo lásán."

Á ní, "Mo kàn ń kí i ni."

Báyìí ni káàtì ṣe wọlé wa. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣiṣẹ́, pánẹ́bítà kan wà, ará Ọ̀ṣun, Babalọlá lorúkọ rẹ̀. Ní Sátidé kan ó gbé irin kan wá kí n bá òun jó o, ó ti là. Mo ní kí lèyí? Ó ní káàtì ni.

Káàtì kì í ṣe ohun ńlá. Páìpù tí a jó pọ̀, táyà kéékèèké mẹ́rin, àga kan, sítíárì, ẹ́ńjìnnì kan lẹ́yìn. Kò ní òrùlé, kò ní ilẹ̀kùn. Ìdí ẹni tó ń wà á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ilẹ̀. Irin gbọọrọ kan ló mú táyà ẹ̀yìn méjèèjì, wọ́n jọ ń yí ni. Babalọlá ní òun àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bíi méje ló kan tiwọn fúnra wọn. Àárọ̀ Sọ́ńdè ni wọ́n fi ń sáré. Kò sí ẹ̀bùn níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní, òun ni yóò máa pariwo títí Sọ́ńdè mìíràn.

Ibi tí wọ́n ti ń sáré, ẹ mọ bí Abuja ṣe rí. Ìjọba á la títì, á da ọ̀dà, á ṣe gọ́tà, á gbé òpó iná dúró, ilé kankan ò sì ní sí níbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Irú rẹ̀ wà lẹ́yìn Durumi nígbà náà. Títì mẹ́rin yí koríko ká, igun mẹ́rin. Igun tó le jù ni wọ́n ń pè ní Kọ́nà Mángòrò, torí igi mángòrò kan wà níbẹ̀.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó tẹ̀ lé mi lọ wò ó ní Sọ́ńdè. Láti ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ títí wọ́n fi parí, ó dúró, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn bí ìmáàmù. Nígbà tí a délé, ó ṣí tapólì, ó mú sípánà. Ruqoyyah rò pé ó fẹ́ tún un ṣe ni. Ìgbà tó rí i tí ẹ́ńjìnnì jáde, ó kígbe.

"Bàbá Nafisah! Ẹ ti pa á!"

"Mi ò pa á. Mo fẹ́ kó máa rìn ni."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi kàn án. Èmi ni mo jó páìpù. Táyà bàrò la fi sí i. Àga oníke kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán, a gé ẹsẹ̀ yòókù, a dè é mọ́ irin. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ dún lórí irin tí èmi jó, ara mi yá gágá. Mi ò tíì ṣe ohun tó ń sáré rí. Géètì àti wíńdò ni mò ń ṣe.

Gbígbà tí wọ́n máa gbà á ló wá di ọ̀rọ̀. Ẹni mẹ́jọ ni títì gbà lórí ìlà. Ẹnì kan ti kó lọ sí Kaduna, àyè kan ṣófo. Babalọlá ni alága wọn. Òun gbà. Ẹni tí kò gbà ni Bámiṣayọ̀. Bámiṣayọ̀ ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, ọmọ Ìjẹ̀bú ni, òun ló yára jù nínú gbogbo wọn, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Abẹ́ igi mángòrò ni wọ́n ti ṣe ìpàdé náà, gbogbo wa jókòó lórí táyà.

Bámiṣayọ̀ ní, "Oníṣẹ́ ọwọ́ ni wá níbí. Ọlọ́kadà kì í ṣe oníṣẹ́ ọwọ́. Ìwàkuwà wọn náà ni wọ́n fi lé wọn nílùú. Ṣé a fẹ́ kí wọ́n wá lé àwa náà ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Mo gun ọ̀kadà fún ọdún mẹ́fà. Ta ni mo kọlù?"

"Èmi ò mọ̀ o. Ẹni tó o kọlù ló máa mọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín.

Babalọlá ní, "Òfin wa ni pé ẹni tó bá gbẹ̀yìn ní Sọ́ńdè mẹ́ta tó tẹ̀ léra, á fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Òfin yẹn kan ẹni gbogbo. Ẹ jẹ́ kó wọlé, kí òfin ṣe iṣẹ́ ẹ̀."

Bámiṣayọ̀ ní òun gbà, ṣùgbọ́n ó ku nǹkan kan. Bí Sàkáríyà bá gbẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mẹta tó kúrò, kí ẹgbẹ́ má gba ọlọ́kadà kankan mọ́ láéláé. Wọ́n nawọ́ sókè, wọ́n fọwọ́ sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi náà gbà. Mo bi í lọ́nà ilé. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ gba ẹrù gbogbo ọlọ́kadà mọ́ tiyín?"

Ó ní, "Torí ti gbogbo wọn ni wọ́n fi ń bú mi."

Ọ̀rọ̀ náà dé Orozo kó tó di ọjọ́ kejì. Àwọn méjì tí wọ́n jọ ń gun ọ̀kadà tẹ́lẹ̀, Oyèbísí àti Àyàndélé, wá bá a nílé. Àwọn náà ti ń ronú àtikan tiwọn. Oyèbísí ní, "Sàkáríyà, ọwọ́ ẹ la wà o. Bó o bá dójú ti ara ẹ, kò burú. Àwa ni kó o má dójú tì."

Sọ́ńdè àkọ́kọ́, ó gbẹ̀yìn.

Mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Lórí títì tó gún, kò sẹ́ni tó lè bá a. Ẹ́ńjìnnì náà ń ké, ó ń fò. Àmọ́ bó bá ti dé Kọ́nà Mángòrò, á yí sítíárì, ọkọ̀ ò ní yí. Á máa lọ tààrà sínú koríko. Kó tó padà sórí ọ̀dà, ẹni méjì ti kọjá. Yípo mẹ́fà ni wọ́n ń sá, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló wọ koríko.

Ó ní táyà ni. Mo pààrọ̀ táyà.

Sọ́ńdè kejì, ó tún gbẹ̀yìn. Lọ́tẹ̀ yìí ó ní irin ni. Ó ní bóyá mo jó o wọ́. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹrin, kò wọ́. Mi ò dá a lóhùn, ẹ̀gbọ́n mi ni. Ṣùgbọ́n ó dùn mí. Lọ́jọ́ yẹn mi ò lè jẹun. Bó bá gbẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kẹta, á kúrò, Oyèbísí àti Àyàndélé ò ní wọlé, gbogbo ayé á sì sọ pé irin àbúrò rẹ̀ ló pa á.

Ruqoyyah ò wá ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́. Ó ṣì ń bínú nítorí ọ̀kadà. Sọ́ńdè kejì ló wá, ó gbé Nafisah dání, ó lọ dúró sí Kọ́nà Mángòrò torí ibòji wà níbẹ̀. Gbogbo yípo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ṣojú rẹ̀. Nígbà tí a délé, ẹ̀gbọ́n mi dojú káàtì dé ní àgbàlá, ó ń wá ẹ̀sùn sí irin lọ́rùn. Ruqoyyah ń ṣa ìrẹsì. Kò gbé ojú sókè.

Ó ní, "Bàbá Nafisah, kì í ṣe irin."

"Kí ni?"

"Ẹ̀yin ni."

Mo fẹ́ dìde kúrò níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n jókòó.

Ruqoyyah ní, "Ẹ̀ ń tẹ̀. Bí ẹ bá ti dé kọ́nà, ẹ ó tẹ orí àti èjìká síbi tí ẹ ń yà sí, bí ẹni tó wà lórí ọ̀kadà. Bámiṣayọ̀ kì í tẹ̀. Á jókòó gbagidi, ọkọ̀ ni yóò máa tì í síta. Mo wò ó dáadáa. Bó bá ń yí, táyà ẹ̀yìn kan ń gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀ báyìí." Ó fi ìrẹsì sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ kan kúrò lórí atẹ. "Tiyín kì í gbé. Ẹ̀yin lẹ jókòó lé e lórí."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé sípánà sílẹ̀.

Ó ní, "Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ta ni yóò sọ fún mi? Ṣé kì í ṣe èmi ni mo jókòó sẹ́yìn yín láti ìgbà náà? Kí n tó mọ̀ ọ́n jókòó, ibi tí ẹ bá tẹ̀ sí, èmi á fi ẹ̀rù tẹ̀ sí òdìkejì. Nígbà tí ẹ wá ń bá mi sọ̀rọ̀, ẹ ó máa bú mi. 'Ẹ má ta kò mí! Ẹ tẹ̀ lé mi!' Ó dáa. Irú ìjókòó tí ẹ bú mi lé lórí yẹn, òun ni kẹ́ ẹ jókòó."

Mo wo irin tí mo jó. Irin kan ṣoṣo ló mú táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Bí méjèèjì bá lẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sí èyí tó máa sáré ju èkejì, ọkọ̀ á máa lọ tààrà ni. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ fúyẹ́. Èmi tí mo kàn án, mi ò rò ó dé ibẹ̀. Aránṣọ ló rò ó.

Ẹ̀gbọ́n mi gbà. Ó ní kò le. Ruqoyyah ní kó jókòó sórí àga ká wò ó. Ó jókòó. Ruqoyyah ní, "Kọ́nà dé, òsì!" Kíá, èjìká òsì ti wálẹ̀. Ruqoyyah gbá a ní èjìká. "Òsì!" Ó tún wálẹ̀. Ó tún gbá a. Nafisah rò pé eré ni, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bàbá rẹ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, orí àga. Ara kọ̀. Ẹni tó bá fi ọdún mẹ́fà tẹ̀, ara rẹ̀ kì í béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó tẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé ó ní òun á kàn máa rántí ni. Ruqoyyah ní kò ní rántí. Ó wọ yàrá, ó mú ọ̀já jáde. Ọ̀já tó fi ń pọn Nafisah.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Rárá o."

Ruqoyyah ní, "Ẹ rò ó dáadáa. Ìtìjú ọ̀já ni àbí ìtìjú kí wọ́n lé yín?"

Ní Sọ́ńdè kẹta, níwájú gbogbo èèyàn, Ruqoyyah gba ọ̀já sí abẹ́ apá ẹ̀gbọ́n mi, ó yí i mọ́ ẹ̀yìn àga, ó so ó. Ariwo ta. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ rí ní ìgbésí ayé mi.

Bámiṣayọ̀ ní, "Ẹ gbà mí o! Wọ́n ti pọn ọlọ́kadà! Ìyá Nafisah, ṣé ẹ ti fún un lọ́mú?"

Ruqoyyah ní, "Ó ti yó, Bọ̀ọ̀dá Bámiṣayọ̀. Ẹ̀yin ni kí ẹ lọ mu omi, ariwo ti gbẹ yín lọ́fun."

Ẹlòmíì ní, "Ẹ rọra o, ọmọ ọwọ́ wà nínú ọkọ̀!"

Oyèbísí àti Àyàndélé wà níbẹ̀. Wọ́n sorí kọ́. Àyàndélé sọ fún mi pé, "Saeed, a ti gbé."

Babalọlá ò rẹ́rìn-ín. Ó wá, ó fọwọ́ kan ọ̀já. "Bí ọkọ̀ bá dojú dé ńkọ́? Á wà nísàlẹ̀ ẹ̀."

Ruqoyyah ní, "Alága, ẹ fa etí ọ̀já yẹn."

Babalọlá fà á. Ọ̀já tú wáà lẹ́ẹ̀kan náà. Ruqoyyah tún un so. Ó ní, "Ẹ̀yin ọkùnrin lẹ ò mọ̀. A kì í so ohun tí ọwọ́ kan ò lè tú." Babalọlá ní ó dáa.

Ẹni tó gbẹ̀yìn ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òun ló máa ń gbẹ̀yìn lórí ìlà. Ìyẹn ni pé ìdí ìlà ni ẹ̀gbọ́n mi wà, ẹni méje wà níwájú rẹ̀. Yàhàyá tó ń ta tíì ní ẹ̀bá títì ló máa ń ju aṣọ pupa. Ó jù ú. Wọ́n gbéra.

Èmi ti lọ dúró sí Kọ́nà Mángòrò pẹ̀lú Ruqoyyah. Èéfín dé kí wọ́n tó dé. Bámiṣayọ̀ ló ṣáájú. Wọ́n kọjá, kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi dé. Mo rí èjìká òsì rẹ̀ tó fẹ́ wálẹ̀. Ọ̀já mú un. Ojú rẹ̀ fún pọ̀ bí ẹni tí wọ́n fà létí. Táyà ẹ̀yìn tó wà nínú gbé ẹsẹ̀ sókè, ó tó ìka méjì péré. Ọkọ̀ sì yí. Ó yí! Kò wọ koríko. Orí ọ̀dà ló gbà lọ.

Ruqoyyah di ọwọ́ mi mú, ó fún un títí tó fi dùn mí.

Yípo kejì, ó ti kọjá ẹnì kan. Yípo kẹta, ẹnì kan sí i. Ìyẹn ti tó. Bó bá wà bẹ́ẹ̀ títí dé òpin, kò ní gbẹ̀yìn, kò sẹ́ni tó máa lé e. Èmi ń gbàdúrà kó máa rọra. Kò rọra. Lórí títì tó gún, ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà náà ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó ń gbé èrò tó pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ní yípo kẹrin ó wà ní ipò kẹrin. Yàhàyá ń fò sókè, ó ń pariwo, "Kai! Kai! Ɗan goyo!" Ọmọ tí wọ́n pọ̀n lẹ́yìn ló ń wí, ní Haúsá.

Ní yípo kẹfà, ní Kọ́nà Mángòrò, òun àti Babalọlá dé pọ̀. Babalọlá wà nínú, ẹ̀gbọ́n mi wà níta. Mo di ojú. Nígbà tí mo là á, Babalọlá ti wà lẹ́yìn.

Ipò kẹta ló ṣe. Nínú ẹni mẹ́jọ. Bámiṣayọ̀ ló ṣe ìkíní, bó ṣe máa ń ṣe.

Oyèbísí àti Àyàndélé sáré bọ́ sójú títì. Wọ́n gbé ọkọ̀ àti ẹni tó wà nínú rẹ̀ sókè lápapọ̀, ọ̀já ṣì wà lára rẹ̀. Ó ní kí wọ́n sọ òun kalẹ̀, wọn ò gbọ́. Ìgbà tí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, èmi ló kọ́kọ́ pè.

"Saeed."

"Ẹ̀gbọ́n."

"Irin náà dára. Ó dára láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo ṣẹ̀ ọ́."

Níwájú gbogbo wọn ló sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọdún mọ́kànlá jù mí lọ.

Bámiṣayọ̀ wá. Ó ti bọ́ ẹ́límẹ́ẹ̀tì rẹ̀, òógùn bò ó. "Ọmọ Ọwọ́, ta ló kọ́ ẹ ní kọ́nà yẹn?"

Ẹ̀gbọ́n mi fi orí júwe Ruqoyyah tó ń pọn ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ lásán torí ọ̀já ò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Bámiṣayọ̀ wò ó títí. Ó ní, "Ẹ̀yin ọlọ́kadà, ẹ burú." Ó wá na ọwọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi.

Ọmọ Ọwọ́ di orúkọ rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Mo fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Òun ló ní kí n kọ ọ́ gàdàgbà. Sọ́ńdè márùn-ún ló fi so ọ̀já. Ní ìkẹfà ó bọ́ ọ, ara rẹ̀ ti gbọ́. Kò gbẹ̀yìn mọ́ títí ayé rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2008, ní àárọ̀ ọyẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni ò rí iwájú dáadáa, ó ṣe ipò kìíní. Bámiṣayọ̀ ṣe ìkejì. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi ní Durumi, ọmọlúàbí tí àlùfáà sọ yẹn.

Àmọ́ kì í ṣe pé ó ṣẹ́gun ló ń jẹ mí lógún. Ohun tó ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni. Oyèbísí àti Àyàndélé ṣì wà níta, wọn ò ráyè wọlé. Títì ò gbà ju mẹ́jọ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́ nípàdé, wọ́n ní kí ló fẹ́ kí àwọn ṣe sí títì ìjọba? Ó lọ wo títì náà. Ó rí i pé iyanrìn òjò ọdún púpọ̀ ló bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ọ̀dà wà lábẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, á gbé ṣọ́bìrì. Á wà á. Òun àti Oyèbísí àti Àyàndélé. Èmi náà lọ nígbà tí àyè bá wà. A ò tíì parí ẹ̀gbẹ́ kejì nígbà tí òjò 2009 bẹ̀rẹ̀.

Oṣù kẹfà ni ẹ̀gbọ́n mi dùbúlẹ̀. Ibà la kọ́kọ́ pè é. Ọjọ́ mọ́kànlá ni. Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Mi ò lè kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa ìyẹn.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ní oṣù kọkànlá, ẹgbẹ́ ṣe ìpàdé. Babalọlá ránṣẹ́ pè mí, ó pe Ruqoyyah. Ó ní àyè kan ṣófo, kí la fẹ́ kí wọ́n ṣe sí i? Ruqoyyah ní kí Oyèbísí máa wa ọkọ̀ náà, kò dáa kí ẹ́ńjìnnì dákẹ́. Wọ́n gbà.

Bámiṣayọ̀ wá dìde. Ó ní, "Èmi ni mo ní bí Sàkáríyà bá kúrò, kí a má gba ọlọ́kadà mọ́. Ó gbẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì, kò pé ẹ̀ẹ̀mẹta. Kò kúrò. Ikú ló mú un. Nítorí náà òfin mi ò múlẹ̀." Ó wá ní, "Ẹ lọ gbé ṣọ́bìrì wá, ká wa iyanrìn tó kù."

Ẹni mẹ́jọ ló wà á, pẹ̀lú Àyàndélé àti èmi. Àárọ̀ Sátidé kan ni a fi parí rẹ̀. Bámiṣayọ̀ ló wà á jù. Ọ̀dà dúdú jáde lábẹ́ iyanrìn, títì fẹ̀ sí i.

Mo jó irin méjì sí i. Ọ̀kan fún Àyàndélé, ọ̀kan fún ọlọ́kadà kan tó wá láti Zuba. Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù kejìlá, Yàhàyá gbé aṣọ pupa sókè, kò tíì jù ú. Mo ka ìlà náà láti òsì sí ọ̀tún. Ẹni mẹ́wàá. Mẹ́ta nínú wọn, ọ̀kadà ni wọ́n fi ń jẹun ní Abuja rí.